Òyìnbó Tí Kò Gbọdọ̀ Gbọ́ Yorùbá

“Ẹ wo ohun tí wọ́n ní ká wá pàdé. Àfi bí àgbébọ̀ adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tu ìyẹ́ rẹ̀ tán.”

Fúnminíyì ló ń bá Ùsmán, awakọ̀ ilé ìwé wọn, sọ̀rọ̀ ní gáréèjì Ìkàrẹ́, kò sì bò ó sẹ́nu rárá. Ta ni yóò gbọ́? Òyìnbó tí wọ́n wá pàdé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀ Àkúrẹ́ ni. Ó gbé àpò gọbọi kan kọ́ ẹ̀yìn, oòrùn ti sun imú rẹ̀ pupa, àwọn agbérò sì ti rọ̀gbà yí i ká, wọ́n ń fa àpò náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ùsmán rẹ́rìn-ín, ó ní ó jọ pé ebi ń pa adìẹ náà.

Ọmọkùnrin náà já ara rẹ̀ gbà. Ó rìn tààrà wá sọ́dọ̀ Fúnminíyì, ó sọ àpò kalẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Ẹ káàsán o, ẹ̀gbọ́n. Jesse lorúkọ mi. Ẹ má bínú, mi ò tíì wẹ̀ láti àná. Ìdí nìyẹn tí mo fi jọ adìẹ.”

Ariwo sọ ní gáréèjì. Àwọn agbérò ń pàtẹ́wọ́, ìyá oníbúrẹ́dì kan sọ igbá kalẹ̀ kó lè rí i dáadáa, Ùsmán di ikùn mú. Ẹlòmíràn ì bá kú fún ìtìjú. Fúnminíyì ò kú, inú ló bí i. Ó wo ọmọ náà láti òkè délẹ̀, ó pòṣé.

“Dìde ńlẹ̀, jàre. Ta ló rán ọ níṣẹ́ Yorùbá?”

Kò lè ṣàlàyé fún un níbẹ̀. Olóyè Ọlábímtán, tó ni ilé ìwé tí Fúnminíyì ti ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, ti ta sìmẹ́ǹtì fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Ìkàrẹ́ kó tó ṣàkíyèsí pé ọwọ́ òbí máa ń yá sí àpò ju ti birikìlà lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ọlọ́gbọ́n tó dá ilé ìwé sílẹ̀. Gbogbo olùkọ́ ló ń pè é ní Dádì, títí kan àwọn tó lè bí i lọ́mọ. Láti ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ló ti ń polówó lórí rédíò pé òyìnbó pọ́ńbélé ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà wá kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì ojúlówó, kì í ṣe àfarawé. Àwọn òbí gbọ́, wọ́n yọ ọmọ wọn kúrò ní ilé ìwé mìíràn, wọ́n ń kó wọn bọ̀ láti Òkè-Àgbè, láti Ìṣùà, láti Ọ̀bà. Ìlérí òyìnbó sáà dùn ju òyìnbó fúnra rẹ̀ lọ.

Fúnminíyì ni Dádì ní kó gbàlejò náà. Ọ̀rọ̀ tó bá a sọ kò ní àbùlà: “Àǹtí Fúnmi, tí òyìnbó yìí bá jókòó dáadáa, ìwọ ni igbákejì ọ̀gá àgbà. Tí kò bá jókòó, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ máa wọ ọkọ̀.” Láti ìgbà tí ilé ìwé náà ti wà nínú yàrá méjì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ǹtì ló ti ń retí ipò yẹn. Wọ́n ti gbé e fún àbúrò ìyàwó Dádì. Wọ́n ti gbé e fún ọmọ pásítọ̀ kan tó ń fi ọ́fíìsì sùn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kò sì sí adìẹ tí wọ́n tu ìyẹ́ rẹ̀ tí yóò fi ìdọ̀bálẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

“Láti ìsinsìnyí lọ,” ló sọ fún Jesse nínú mọ́tò, “o ò gbọ́ Yorùbá.”

“Ẹ ní kí ni, ẹ̀gbọ́n?”

“O ò gbọ́ ọ. O ò gbọ́ ọ rí. Tí wọ́n bá kí ọ, Gẹ̀ẹ́sì ni kó o fi dáhùn. Tí wọ́n bá bú ọ, rẹ́rìn-ín.”

“Ṣùgbọ́n mo rò pé tí mo bá gbọ́ èdè àwọn ọmọ náà, ẹ̀kọ́ á rọrùn fún wọn.”

“Ta ló sọ fún ọ pé a fẹ́ kó rọrùn?”

Jesse wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣe àwàdà. Nígbà tí kò rí ẹ̀rín níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé bàbá kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló kọ́ òun ní Yorùbá ní yunifásítì, pé nígbà tí òun rí iṣẹ́ yìí, ńṣe ni òun fò sókè. Yorùbá rẹ̀ mọ́ bíi ti àwọn tó ń ka ìròyìn, èyí sì tún dá kún ìbínú Fúnminíyì. Ó yọ ṣùtì ètè. Ẹni tó mu Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ọmú ìyá rẹ̀, tó wá ń sanwó kó lè gbọ́ Yorùbá, ó dà bí ẹni tó bọ́ bàtà rẹ̀ dànù kó lè rí ẹ̀gún gún.

Fúnminíyì fúnra rẹ̀ ló mú òfin tó ka Yorùbá léèwọ̀ wọ ilé ìwé náà. Ó ra egungun àgbọ̀n ewúrẹ́ kan lọ́wọ́ alápatà, ó sè é, ó sá a gbẹ, ó fi okùn sí i. Ọmọ tó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà ni wọ́n máa gbé e kọ́ lọ́rùn, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí ọmọ náà yóò fi gbọ́ ẹlòmíràn tó sọ Yorùbá, kó gbé e kọ́ ìyẹn náà lọ́rùn. Ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí agogo ìparí bá lù ló máa jẹ ẹgba fún gbogbo ilé ìwé. Òfin náà ṣiṣẹ́ gan-an. Àwọn ọmọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́, àwọn òbí sì rò pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni Gẹ̀ẹ́sì.

Jesse gbìyànjú. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni, ó fi Gẹ̀ẹ́sì kí ìyá tó ń gbálẹ̀, ó fi Gẹ̀ẹ́sì ra ẹ̀pà. Àfi ọjọ́ tí àwọn òbí wá wò ó. Ó ń lọ sí ẹnu géètì láti kí wọn ni ó rí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Limota lẹ́yìn kíláàsì, egungun wà lọ́rùn rẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀. Jesse bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rọra bi í léèrè pé:

“Àbúrò, kí ló dé? Kí ni wọ́n fi kọ́ ọ lọ́rùn yìí?”

Ọmọ tó mọ òfin ni Limota. Ó nu ojú rẹ̀, ó bọ́ egungun náà, ó sì gbé e kọ́ òyìnbó lọ́rùn. Jesse rò pé ẹ̀bùn ni. Ó tẹ orí ba kí ọmọ náà lè rí ọ̀nà fi okùn bọ̀ ọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún un ṣe kó lè hàn dáadáa níwájú táì rẹ̀. Bó ṣe lọ pàdé àwọn òbí ní géètì nìyẹn, tòun ti àgbọ̀n ewúrẹ́. Bóyá ẹ̀bùn yẹn ló gùn ún tó fi gbàgbé ara rẹ̀: ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá àkọ́kọ́ tó rí. “Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ kú ìrìn o.”

Bàbá àkọ́kọ́ yẹn ni Alhaji Munir, tó ń ta táyà, tí ọmọ rẹ̀ mẹ́rin wà nílé ìwé náà. Ó fà sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ ejò mọ́lẹ̀.

“Àfín ni!” ló kígbe. “Òyìnbó wo ló ń dọ̀bálẹ̀? Ẹ wo irun rẹ̀! Àfín ni Ọlábímtán lọ gbé wá láti Èkìtì, tó ń gbowó òyìnbó lórí rẹ̀!”

Àwọn tó kù tẹjú mọ́ Jesse, wọ́n sì rí i pé òótọ́ ni. Àwọn ènìyàn tó ń wo òyìnbó nínú tẹlifíṣọ̀n lójoojúmọ́, tí wọ́n mọ gbogbo àwọn agbábọ́ọ̀lù Yúróòpù lórúkọ, wọ́n dúró sí géètì Ìkàrẹ́ lọ́sàn-án gangan, wọ́n gbà pé ọmọ Èkìtì ni ọmọ olójú àwọ̀ ewé yìí. Kò kúkú yani lẹ́nu. Lójú tiwọn, òyìnbó tó bá bọ̀wọ̀ fún wọn kò lè jẹ́ òyìnbó.

Ní ọ́fíìsì, Dádì ń fọwọ́ gbá tábìlì.

“Gẹ̀ẹ́sì ni mo rà! Mi ò ra Yorùbá! Yorùbá pọ̀ ní Ìkàrẹ́ níbí, a ò rí ibi tí a ó dà á sí!” Yorùbá ló sì fi ń sọ gbogbo rẹ̀.

“Ẹ fi páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ hàn wọ́n, sà,” ni Fúnminíyì sọ.

“Alhaji ní òun mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Mo ti sọ fún wọn pé ìkíni méjì péré ni Ùsmán kọ́ ọ, pé kò mọ ìtumọ̀ wọn, bí ẹyẹ ayékòótọ́. Wọ́n láwọn máa dán an wò lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n máa bú u. Wọ́n ní kò sí àfín náà tí wọ́n á bú ìyá rẹ̀ tí kò ní fèsì.” Ó na ìka sí Fúnminíyì. “Lọ kọ́ ọ kó di adití. Igbákejì ọ̀gá àgbà, àbí ilé. Ìwọ lo mọ èyí tó o fẹ́.”

Lọ́jọ́ Ẹtì, Fúnminíyì gbé Jesse lọ sí ilé wọn l’Ọ́kà, níbi tí òun àti màmá rẹ̀ jọ ń gbé lábẹ́ àpáta. Màmá ti gúnyán dè wọ́n. Èdè Ọ̀kà ni ìyá àgbà náà ń sọ, ìdajì rẹ̀ ni Jesse ń gbọ́, ṣùgbọ́n ìdajì yẹn tó wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín pọ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, Fúnminíyì gbé àga kan síta, ó ní kí ọmọ náà jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú u.

“Ọ̀lẹ! Aláìnítìjú! Olórí ẹja!”

Jesse bú sẹ́rìn-ín. “Olórí ẹja! Èyí dára o, ẹ̀gbọ́n. Wọn ò kọ́ wa níyẹn.”

“Mo ní o ò gbọdọ̀ gbọ́! Wo ògiri. Má ro nǹkan kan. Ìyá rẹ, olè ni.”

Ẹ̀rín kúrò lójú Jesse. Màmá Fúnminíyì yọjú láti ilé ìdáná.

“Kí ni ọmọ ọlọ́mọ fi ṣe ọ́ tó o fi ń bú ìyá rẹ̀?”

“Iṣẹ́ ni, Màmá. Àwọn òbí fẹ́ mọ̀ bóyá kò gbọ́ Yorùbá.”

“Tó bá gbọ́ ńkọ́?”

“Wọ́n á kó ọmọ wọn lọ.”

Ìyá àgbà náà ro ó, ó tún un rò. “Ẹ̀yin ń sanwó kí ọmọ yín lè gbọ́ ti òyìnbó. Òyìnbó sanwó kó lè gbọ́ tiyín. Tó wá gbọ́ ọ tán, ẹ ní kó di adití. Fúnmi, ta ni orí ẹ̀ dàrú nínú gbogbo yín?” Kò dúró gbọ́ èsì, ó padà sídìí ìkòkò rẹ̀.

Wọ́n ń bá a lọ títí oòrùn fi rọlẹ̀. Nígbà tó yá, Jesse mọ̀ ọ́n. Wọ́n lè sọ ohunkóhun sí i, ojú rẹ̀ kò ní yẹ̀, ẹnu rẹ̀ a dákẹ́ pátápátá. Fúnminíyì dá irú ojú bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ojú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ni. Inú rẹ̀ bàjẹ́, ó sì tún bínú pé inú òun bàjẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni Jesse bi í, “kí ló dé tí ẹ fẹ́ kí n ṣe é?”

Ó ti fẹ́ purọ́, ó rẹ̀ ẹ́. “Iṣẹ́ mi ni. Tó o bá ṣe é dáadáa, wọ́n á gbé mi sókè. Tó o bá bà á jẹ́, wọ́n á lé mi.”

“Tó bá jẹ́ torí tiyín ni, màá ṣe é.”

Ní Sátidé, àwọn òbí kún gbọ̀ngàn fọ́fọ́. Dádì jókòó sórí àga ńlá níwájú, Jesse jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú kóòtù tó ń mú un làágùn, àwọn olùkọ́ sì dúró tì ògiri bí aṣọ tí wọ́n fi kọ́. Ará Òkè-Àgbè ń sọ èdè tiwọn níhìn-ín, ará Arigidi ń sọ tiwọn lọ́hùn-ún, kò sì sí ẹni tó gbọ́ tẹnì kejì. Nígbà tí ìpàdé fẹ́ bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn yí sí Yorùbá, nítorí òun nìkan ló lè kó wọn pọ̀. Òun náà sì ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ na ọmọ wọn.

Alhaji Munir ló kọ́kọ́ dìde. Ó fẹ̀rín sẹ́nu, ó na ọwọ́ sí Jesse bí ẹni tó fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

“Ẹ káàárọ̀ o, ọmọ olè. Ìyá tó bí ọ, jàgùdà ni. Orí rẹ ti dàrú, ìdí nìyẹn tó o fi wá síbí.”

Jesse gba ọwọ́ náà, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn pé inú òun dùn láti mọ̀ ọ́n. Gbọ̀ngàn ru sókè fún ẹ̀rín. Ìyáàfin Memunat, tó ń ta aṣọ, rọ́ wá síwájú, ó ní eyín rẹ̀ dà bíi ti ehoro. Alàgbà ìjọ kan, tí àwọn èèyàn máa ń tẹríba fún lọ́jọ́ Ìsinmi, kò jẹ́ kí wọ́n fi òun sílẹ̀: ó bú baba ńlá rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi tò sórí ìlà. Àwọn tó wá ẹ̀kọ́ wá fún ọmọ wọn ló to ìlà láti bú ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n ń ti ara wọn, ẹni tó bú u tán ń sá padà sẹ́yìn láti tún tò. Jesse ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Òyìnbó ni lóòótọ́!” ni Alhaji kéde. “Kò gbọ́ nǹkan kan! Olóyè, ẹ má bínú sí wa.”

Dádì ṣe bí ẹni tí wọ́n fi adé lé lórí. Fúnminíyì mí kanlẹ̀. Ó ti parí. Ipò ti dé.

“Ó ku ẹyọ kan,” ni Alhaji wí. “Obìnrin Ọ̀kà yẹn ńkọ́? Ṣé òun náà á ṣì máa kọ́ àwọn ọmọ wa? Tó bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń ta sánsán iyán. A ò lè sanwó òyìnbó ká tún máa jẹ iyán.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Dádì náà rẹ́rìn-ín.

“Alhaji, ẹ fọkàn balẹ̀. Igi tí birikìlà ń gùn nìyẹn. Ẹ ò rí i pé tí ilé bá parí, wọ́n máa ń yọ igi ni? Kí òyìnbó ṣáà mọ ọ̀nà. Tí sáà yìí bá parí, òun náà parí.”

Kò bojú wẹ̀yìn. Fúnminíyì dúró sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó èjìká Dádì, ọkùnrin náà sì ń sọ ọ́ bí ẹni pé òun gan-an ni kò gbọ́ Yorùbá. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wolẹ̀.

Àfi Jesse. Ojú tí wọ́n fi odindi ìrọ̀lẹ́ kan kọ́ ti fọ́ yángá. Ọrùn rẹ̀ pọ́n, ó ti dìde díẹ̀ lórí àga, ó sì ń wo Fúnminíyì. Ó ń dúró de àṣẹ rẹ̀.

Fúnminíyì mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Tó bá mi orí báyìí, ọmọ náà á padà jókòó. Lẹ́yìn ìpàdé, á lọ kúnlẹ̀ fún ìyàwó Dádì, á gbé iṣu lọ sílé wọn, á sunkún díẹ̀, wọ́n á fi kún sáà rẹ̀. Ó ti ṣe irú rẹ̀ rí, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ó wo Dádì níbi tó ti ń fi aṣọ ìnujú nu ọrùn. Ó wo Alhaji tí inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọdé. Ó wo alàgbà tó bú baba ńlá ọmọ ọlọ́mọ, tó ti ń wá ibi tí Bíbélì rẹ̀ wà kó lè fi àdúrà parí ìpàdé. Ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí ni òun ti fẹ́ di ńlá. Ó kórìíra wọn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

“Jesse,” ló pè, ní Yorùbá, ní ohùn tí olùkọ́ fi ń pe kíláàsì. “Dá wọn lóhùn.”

Dádì fò dìde lórí àga rẹ̀.

“Àǹtí Fúnmi, ṣé orí rẹ pé?”

Jesse ti dúró. Ó tú táì ọrùn rẹ̀ kó lè mí.

“Alhaji,” ló bẹ̀rẹ̀, Yorùbá rẹ̀ mọ́ gaara, “Margaret ni orúkọ ìyá mi tí ẹ pè ní jàgùdà. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú. Ẹ jẹ́ ká ti orí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ká tó kan ti ẹ̀gbọ́n mi yìí.”

Ìyáàfin Memunat fi gèlè bo ẹnu. Alhaji ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga, kò rí i. Alàgbà ti kọjú sí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n èrò dí i lọ́nà. Dádì ń pariwo Gẹ̀ẹ́sì pé ìpàdé ti parí, kò sì sẹ́ni tó yí ojú sí i.

Fúnminíyì rìn lọ síbi àga ńlá tí Dádì dìde kúrò lórí rẹ̀. Ó jókòó sínú rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì.

“Má kánjú,” ló sọ fún Jesse. “Sọ gbogbo rẹ̀.”